Ìràwọ̀ Wo Ló Ni X-ray Yìí?

Ẹni tó bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe, mo máa ń sọ fún un pé olóhun ni mo ń wá. Sátẹ́láìtì kan á gòkè lọ, á rí X-ray tó ń wá láti ibì kan lójú ọ̀run, á sì fi ibẹ̀ hàn wá. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ wa ni iṣẹ́ kù sí: nínú gbogbo ohun tó ń tàn ní sàkání ibẹ̀, èwo ló ni ín? Ìràwọ̀ ni, àbí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn? Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti jókòó ti awò ìràwọ̀ ńlá ní Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà, mo sì ti jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé wa ní Òmùpo ní Kwara títí iná fi lọ. Ohun tí mo lè sọ láìmikàn ni pé ìràwọ̀ tó tàn jù nínú àwòrán kì í sábà jẹ́ olóhun.

Àwọn ará ilé mi máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ní X-ray ń bẹ lójú ọ̀run. Èyí tí wọ́n mọ̀ ni ti ilé ìwòsàn, tí wọ́n fi ń wo eegun tó ṣẹ́ àti àyà ẹni tó ń wúkọ́. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ̀rọ ló ń tú ti ilé ìwòsàn jáde. Ti ojú ọ̀run ń wá láti ara èéfín tó gbóná dé mílíọ̀nù dìgírì, irú èyí tó ń já bọ́ sórí ìràwọ̀ tó ti kú tó sì ti sún kì, tàbí tó ń yí ihò dúdú ká kó tó bọ́ sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, torí ara wa ò lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọmọ aráyé ò fi mọ̀ nípa rẹ̀ títí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi dé.

Ní òru ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1962, Riccardo Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kan láti White Sands ní Amẹ́ríkà. Òṣùpá ni wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fi wà lókè, ohun tó sì bá pàdé kì í ṣe ti òṣùpá rárá. X-ray kan tó lágbára gan-an ń wá láti apá ibi tí Scorpius, ìràwọ̀ Àkekèé, wà. Wọ́n pè é ní Sco X-1. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ìràwọ̀ kan kó ní, "Ìwọ ni."

Kí ló fà á? Ojú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbà náà fi ń wòran fẹ̀ jù. Ó mọ̀ pé apá ibí yìí ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ ló wà ní apá ibẹ̀, Antares tó pọ́n bí ẹyin iná sì wà nítòsí, tó ń fa ojú gbogbo ènìyàn mọ́ra. Nígbà tó di oṣù kẹta 1966, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tó gbé irinṣẹ́ tí Minoru Oda, ọmọ ilẹ̀ Japan, ronú kàn. Irinṣẹ́ yẹn dín ibi tí wọ́n máa wá a kù sí ojú méjì kóńkó. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò ṣáájú pé bí ohun tó ń fa X-ray náà bá ń mú ìmọ́lẹ̀ lásán wá pẹ̀lú, ìràwọ̀ rẹ̀ á ní àwọ̀ búlúù, ojú lásán ò sì ní lè rí i. Àwọn awòràwọ̀ ní Tokyo ló kọ́kọ́ rí i ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ti Palomar ní Amẹ́ríkà sì jẹ́rìí sí i. Ìràwọ̀ kékeré kan ni, búlúù, tí kì í tàn bákan náà láti òru dé òru. X-ray tó ń tú jáde tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí lára rẹ̀. Antares ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀ pé àwọn àwòrán àtijọ́ tí wọ́n ti ń yà sórí dígí ní Yunifásítì Harvard, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ rárá pé X-ray ń ti ojú ọ̀run wá, ti gba ìràwọ̀ yìí sílẹ̀ láìmọye ìgbà. Ní 1975, àwọn kan tú àwọn dígí yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ wálẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí mọ́kàndínlógún. Ìràwọ̀ méjì ni wọ́n, tí wọ́n ń yí ara wọn po. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí ju ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ti lè kú kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó wúlò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú Èsìẹ́ ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ yìí ti le, torí kò jìnnà sí wa. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, tí irun orí wọn dúró bí ti ẹni tó ń lọ òde ìyàwó. Ní 1933, òyìnbó alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Ramshaw ròyìn wọn fáyé gbọ́, nígbà tó sì di 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ á ní àwọn ará Èsìẹ́ ló gbẹ́ ẹ. Ta ló tún kù, ṣebí àwọn ló wà nítòsí? Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé wọ́n bá àwọn ère náà nílẹ̀ ni, kì í ṣe baba wọn ló gbẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó gbẹ́ ẹ títí dòní. Ìtòsí ni gbogbo ẹ̀rí tí àlejò yẹn ní lọ́wọ́, kò sì ní òmíràn.

Nínú iṣẹ́ tiwa, a lè fi ìṣirò wọn bí ìtòsí ṣe ń tan ni jẹ. Sátẹ́láìtì kì í tọ́ka sójú kan gan-an. Òbìrìkìtì ló máa ń fà fún wa, pé inú ibí yìí ni nǹkan náà wà. Bí ẹ bá pín dìgírì kan lójú ọ̀run sí ọ̀nà 3600, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní arcsecond. Òṣùpá àrànmọ́jú fẹ̀ tó nǹkan bí 1800 rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. ROSAT, sátẹ́láìtì Jámánì tó gòkè ní oṣù kẹfà 1990, yẹ gbogbo ojú ọ̀run wò. Fún ohun tí kò bá lágbára, láti àárín òbìrìkìtì rẹ̀ dé etí lè tó 20 arcsecond. Gaia, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù tó ka ìràwọ̀ títí di 2025, sì ti ka nǹkan bí bílíọ̀nù 1.8 nínú àkọsílẹ̀ tó jáde ní 2022. Bí a bá fọ́n wọn káàkiri ojú ọ̀run lọ́gbọọgba, bí 43,000 ló máa bọ́ sínú dìgírì kan níbùú lóròó. Ẹ wá ṣe ìsọdipúpọ̀ náà: mẹ́rin nínú wọn á wà nínú òbìrìkìtì ROSAT láìní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú X-ray. Mẹ́rin! Ní ibi tí ìràwọ̀ ti ṣù mọ́ra, lójú ọ̀nà funfun tó la òru kọjá tí wọ́n ń pè ní Milky Way, wọ́n á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Chandra tó gòkè ní oṣù keje 1999 ló gbà wá lọ́wọ́ èyí. Ó dín òbìrìkìtì kù dé bí arcsecond kan, aláìṣẹ̀ á sì ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ibi kékeré ni Chandra lè wò lẹ́ẹ̀kan, kò lè yí gbogbo ojú ọ̀run po.

Ó tún wá burú sí i pé ìràwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ jù lè tan irinṣẹ́ gan-an jẹ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lásán á pọ̀ lórí irinṣẹ́ náà débi pé á kà á sí X-ray. Mo ti rí i kí wọ́n máa wá olóhun tí kò sí ohun rẹ̀.

Bí ìtòsí ò bá tó, kí ló tó? Àkọ́kọ́ ni ká wọn X-ray mọ́ ìmọ́lẹ̀. Oòrùn wa náà ń tú X-ray jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún ni lára gbogbo agbára rẹ̀. Ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó ń yí kíákíá, tára rẹ̀ ò balẹ̀, lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ agbára X-ray ìràwọ̀ lásán kì í sábà kọjá ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bí ẹ bá wá fẹ́ gbé X-ray kan lé ìràwọ̀ báńtá kan lórí, tí ìṣirò sì ní X-ray náà á ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ, ìràwọ̀ lásán kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìràwọ̀ neutron, irú ìràwọ̀ tó ti kú tó sì ti sún kì, tó ń fa èéfín ìràwọ̀ kejì rẹ̀ mu, bí Sco X-1. Ó lè jẹ́ ihò dúdú ńlá láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà réré, irú èyí tí à ń pè ní quasar. Òdìwọ̀n yìí ò gba owó, ò gba awò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí la máa ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ nǹkan náà sí àwọ̀ òṣùmàrè, ká wo ibi tó ti yọ sókè àti ibi tó ti jó wálẹ̀. Iṣẹ́ awò ńlá nìyí. Èyí tó tóbi jù ní apá ìsàlẹ̀ ayé, SALT, wà ní Sutherland. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣí i, dígí 91 ni wọ́n sì tò pọ̀ láti fi ṣe ojú rẹ̀. Bí ìlà pupa háídrójìn bá yọ gọnbọ, tí ìlà búlúù hílíọ̀mù tó wà ní ìwọ̀n ìgbì 4686 angstrom sì yọ pẹ̀lú rẹ̀, ó di dandan kéèyàn jókòó dáadáa, torí ìràwọ̀ tó ń dá gbé jẹ́jẹ́ kì í sábà ní ìlà hílíọ̀mù yẹn. Ohun tó gbóná gan-an ló ń mú un wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wù mí jù ni kí X-ray àti ìmọ́lẹ̀ jọ máa yí padà. Ìtòsí wa ní Áfíríkà níbí ni ìtàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1970 ni wọ́n yin sátẹ́láìtì X-ray àkọ́kọ́ láti orí pèpéle San Marco nínú òkun létí Kẹ́ńyà. Ọjọ́ òmìnira Kẹ́ńyà ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Uhuru, òmìnira. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, 339 orísun X-ray ló wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Her X-1, ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 1.24, á sì parẹ́ fún wákàtí mélòó kan ní gbogbo ọjọ́ 1.7, torí pé ìràwọ̀ mìíràn ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìràwọ̀ kan wà ní sàkání ibẹ̀ tó ń jẹ́ HZ Herculis, tí wọ́n ti mọ̀ láti nǹkan bí 1936 pé kì í tàn bákan náà. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Ní 1972, John àti Neta Bahcall, tọkọtaya, ṣọ́ ọ láti Ísírẹ́lì, wọ́n sì rí i pé ọjọ́ 1.7 gan-an ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀. X-ray ló ń dáná yá ẹ̀gbẹ́ kan lára ìràwọ̀ náà. Bí ẹ̀gbẹ́ tó gbóná bá kọjú sí wa, á mọ́lẹ̀. Bó bá yí ẹ̀yìn sí wa, á ṣókùnkùn. Nígbà tí nọ́ńbà méjèèjì ti bára mu báyìí, ẹjọ́ parí.

Ti Cygnus X-1 ò rọrùn bẹ́ẹ̀, ó sì tako ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣẹ́jú lọ́nà tó ṣe déédéé, òbìrìkìtì Uhuru sì tóbi. Ní 1971, X-ray rẹ̀ ṣàdédé yí padà. Lásìkò kan náà, àwọn awò rédíò ní Netherlands àti Amẹ́ríkà rí orísun rédíò kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rédíò máa ń tọ́ka síbi tó péye, ibi tó sì tọ́ka sí ni ìràwọ̀ búlúù ńlá kan, HDE 226868, tó mọ́lẹ̀ jù lọ ní gbogbo àyíká ibẹ̀. Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó báyìí, èèṣì ni, ẹjọ́ tí èmi náà ì bá rò ká ní mo wà níbẹ̀. Louise Webster àti Paul Murdin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Tom Bolton ní Toronto, wá wọn bí ìràwọ̀ náà ṣe ń fì síwá sẹ́yìn, wọ́n rí i pé ọjọ́ 5.6 ló fi ń yí po pẹ̀lú ohun kan tó wúwo gan-an tí ojú ò rí. Ihò dúdú ni. Ìwọ̀n tó jáde ní 2021 sọ pé ó tó oòrùn 21 ní ìwúwo, ó sì jìnnà tó 7,200 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Èyí tó tàn jù ló jẹ̀bi níbi yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe títàn rẹ̀ ló dá a lẹ́bi.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ò dárúkọ rẹ̀ tó. Crab Nebula ni ibi tí ìràwọ̀ kan ti bú gbàù, tí àwọn ará Ṣáínà sì rí i ní 1054. Ní oṣù keje 1964, nígbà tí òṣùpá fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, ikọ̀ Herbert Friedman yin rọ́kẹ́ẹ̀tì láti wo bí X-ray ibẹ̀ ṣe máa kú. Bó bá jẹ́ ojú kan ni, á kú fìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló kú, wọ́n fi mọ̀ pé inú èéfín tó fẹ̀ ló ti ń wá. Ní ọdún kejì, 1965, ní Cambridge, Samuel Okoye àti olùkọ́ rẹ̀ Antony Hewish kọ̀wé pé ohun kan wà nínú èéfín náà tó kéré púpọ̀ tó sì ń tú rédíò alágbára jáde. Wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Ọdún 1968 ni àwọn mìíràn rí i pé nǹkan kan ń lù kìkì nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 1969, àwọn awòràwọ̀ ní Arizona rí ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú ní ìwọ̀n kan náà, ìràwọ̀ tí Baade àti Minkowski ti fura sí láti 1942. Lọ́dún kan náà, rọ́kẹ́ẹ̀tì rí i pé X-ray rẹ̀ náà ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Rédíò, ìmọ́lẹ̀, X-ray, gbogbo wọn pàdé lórí ohun kan ṣoṣo. Okoye padà wá sílé, ó dá ìwádìí ojú ọ̀run sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, àwọn tó kọ́ ṣì ń kọ́ àwọn mìíràn.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. eROSITA, awò X-ray Jámánì tó gòkè ní oṣù keje 2019, gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2024. Ìdajì ojú ọ̀run péré ni, síbẹ̀ nǹkan bí 900,000 orísun ló wà níbẹ̀. Ẹ rántí 339 ti Uhuru. Kò sí agbo awòràwọ̀ tó lè mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é: á wọn ìtòsí, á wọn àwọ̀, á wọn ìmọ́lẹ̀ mọ́ X-ray, á wá kọ nọ́ńbà kan síwájú ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, pé báyìí ni mo ṣe fọkàn sí i tó. Mi ò bá kọ̀ǹpútà jà. Nínú ẹgbẹ̀rún, ó ń gbà ju èmi lọ. Ìjà mi wà pẹ̀lú ẹni tó rí 0.7 tó sì kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá irú ìyẹn kì í ṣe olóhun, ẹni tó bá sì fi àwọn mẹ́ta yẹn kọ̀wé ti kọ irọ́ láìmọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ físíìsì máa ń wá bá mi ní Òmùpo bí wọ́n bá gba ìsinmi. Ohun tó ń lò ò ju kọ̀ǹpútà alágbèéká àti dátà orí fóònù lọ. Aladin, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ará Strasbourg ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ orísun sí i, á gbé àwòrán ibẹ̀ wá, ẹ lè fa òbìrìkìtì lé e lórí. Ó gbé orísun ROSAT kan wá lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìràwọ̀ pupa kan wà lápá òsì nínú òbìrìkìtì, ó tàn yanranyanran. Nítòsí àárín, àmì búlúù báńtá kan wà tó dà bí ìdọ̀tí lójú àwòrán.

"Bàbá, pupa yìí ni," ó ní. "Ṣebí ẹ sọ pé ìràwọ̀ pupa kékeré máa ń tú X-ray jáde."

"Òótọ́ ni, mo sọ ọ́. Ọdún wo ni ROSAT wò ó?"

"1990, sà."

"Àwòrán tó wà níwájú rẹ ńkọ́? Gaia ńkọ́?"

Ó wò ó. Gaia kọ ọ́ pé ìràwọ̀ pupa yẹn ń rìn lójú ọ̀run, ìdajì arcsecond lọ́dún kan. Láti 1990 dé 2016 tí Gaia fi ń ka ibi tó wà, ó ti rìn 13. Mo ní kó dá a padà sẹ́yìn. Ó ṣe é, ìràwọ̀ pupa sì jáde kúrò nínú òbìrìkìtì. Àlejò tó ń kọjá lọ ni. Ó wá wọn X-ray náà mọ́ ìmọ́lẹ̀ àmì búlúù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìràwọ̀ lásán ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Quasar ni nìyẹn, sà! Kí n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kọ ọ́ pé ó jọ quasar. Ẹnikẹ́ni ò tíì fọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wò."

Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣá.

Ìgbà mìíràn wà tí òbìrìkìtì máa ṣófo pátápátá. Ìdẹwò ibẹ̀ pọ̀, torí ojú máa ń ti awòràwọ̀ láti dá òfìfo padà. ROSAT rí ọ̀kan, RX J1856.5-3754, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1996. X-ray rẹ̀ lágbára, kò sì sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀ tó lè ni ín. Awò Hubble ló tó rí ojú búlúù kan níbẹ̀, tí èyí tó ṣókùnkùn jù tí ojú wa lè rí fi ìlọ́po nǹkan bí mílíọ̀nù 70 mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ìràwọ̀ neutron tó dá wà ni, kò sì jìnnà sí wa, nǹkan bí 400 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Ká ní ẹnìkan ti fipá mú ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbìrìkìtì yẹn wọlé ni, a ò bá má tíì mọ̀ títí dòní. Eruku ojú ọ̀run náà máa ń bo àwọn mìíràn. Cygnus X-3 ò ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí, àfi ti infrared tó lè la eruku kọjá.

Ojú ọ̀run Òmùpo dára fún ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí díẹ̀ nínú ohun tí mo ń sọ. Lálẹ́ oṣù kẹwàá, bí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ ò sì tíì gbé eruku dé, ẹ kọjú sí àríwá ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Cygnus á wà lókè. Ẹ wá Eta Cygni ní ọrùn rẹ̀, ojú lásán ń rí i. Ẹ gbé awò ọlójú méjì, irú èyí tí àwọn ọdẹ ń lò, sí i. Ìràwọ̀ kan á wà nítòsí rẹ̀ tí kò tó dìgírì kan sí i. HDE 226868 nìyẹn. Ihò dúdú ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sco X-1 le díẹ̀. Nígbà tó bá ga lálẹ́, òjò ni, nítorí náà ìdájí oṣù kẹta ló dára, ní aago márùn-ún, nígbà tí Àkekèé bá wà lókè. Ó fẹ́ awò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 àti àwòrán atọ́nà, ó sì fẹ́ kí aládùúgbò bá yín pa iná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì ní Kwara, láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àkọsílẹ̀ ROSAT, ti Chandra, ti eROSITA àti ti Gaia, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó wà ní Òmùpo sì ń rí ohun kan náà tí ọmọ Cambridge ń rí. Ẹ má gbé ọgọ́rùn-ún orísun lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà so wọ́n mọ́ ìràwọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan fún odindi sáà kan. Bí ó bá sì padà wá ní òpin sáà tó ní òun ò tíì rí olóhun, tó kó gbogbo àwọn tó ti yọ kúrò nínú ẹ̀sùn wá pẹ̀lú ìdí tó fi yọ wọ́n, ẹ fún un ní máàkì tó pé.